Ojú Ìwé Kejì Tó Wà Lọ́wọ́ Àáfà

Ẹni tó bá gba Ajah kọjá lọ sọ́nà Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, tó rí gééètì kan tó dúró ṣinṣin, tí òdòdó irin ara rẹ̀ dà bí ohun tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kó má wulẹ̀ béèrè. Èmi ni mo ṣe é. Bí kì í bá ṣe èmi, a jẹ́ pé ẹni tó jí àwòrán mi ni. Ohun tó sọ mí di onífura gan-an nìyẹn. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ya òdòdó yẹn, kò pé oṣù mẹ́ta tí mo rí i lára gééètì tí ọwọ́ mi kò kàn. Láti ìgbà náà, tí mo bá gba iṣẹ́ tó ní àwòrán, ṣe ni mo máa ń pín in. Ẹni tó ń tẹ irin kò ní rí ohun tí ẹni tó ń gé páànù ń gé. Ẹni tó ń gé páànù kò ní mọ ibi tí òdòdó máa jókòó sí. Ọwọ́ èmi nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti ń pàdé.

Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí mo ṣe sí ìwé ọmọ mi kì í ṣe ìwà wèrè. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni.

Àkọ́bí mi obìnrin ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ajah níbí. Ní ọjọ́ Sátidé àti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó máa ń lọ sí gbọ̀ngán kan ní Igbó Ẹfọ̀n, níbi tí ọ̀dọ́bìnrin onígíláàsì kan, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì. Róbọ́ọ̀tì yẹn kò ju àpótí ìjókòó lọ. Ó ní táyà mẹ́rin àti apá kan. Á máa dá rìn fúnra rẹ̀, á ṣa bọ́ọ̀lù kéékèèké nílẹ̀, á gbé wọn sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lókè. Àwọn ọmọ yòókù wá látinú ẹ́sítéètì àwọn olówó ńlá. Méjì nínú wọn, èmi ni mo ṣe gééètì ilé wọn, nítorí náà mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe apá àkọ́kọ́ fún róbọ́ọ̀tì náà, lọ́fẹ̀ẹ́. A ó dé orí ọ̀rọ̀ apá yẹn.

Nígbà tó ṣe, Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú fóònù. Ó ya irin tí mo ń jó ní fọ́tò. Ó ya pákó tí mo ń ya iṣẹ́ sí. Ó ya bàtà mi.

"Sà, ẹ má bínú o, kílàásì mélòó lẹ kà?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ó wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè nípa ilé tí ọmọ ti wá ni, sà."

"Fọ́ọ̀mù mẹ́ta ni mo kà kí bàbá mi tó kú."

Irọ́ ni. Mo ti pa irọ́ yẹn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ogún ọdún, ó sì ti bá mi dàgbà. Ìyàwó mi gbà á gbọ́, Ajah gbà á gbọ́. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, mi ò pé oṣù kan nínú ìwé karùn-ún. Yorùbá ni mo mọ̀ ọ́n kà, tí mo sì mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. Èyí tí ẹ ń kà yìí, ọwọ́ mi ni, kò sẹ́ni tó bá mi fọwọ́ kàn án. Gẹ̀ẹ́sì ni èmi àti ẹ̀ kò jọ ṣọ̀rẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ mi gbé fáìlì kan wá bá mi. Ojú ìwé mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì fọ́ọ́.

"Bàbá mi, ẹgbẹ́ wa fẹ́ fa orúkọ mi kalẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè mú lọ. Tí wọ́n bá gba ìwé yìí, àwọn adájọ́ á wá fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò."

"Kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí ẹ sáìnì. Ojú kejì, níbi tí mo fi pẹ́ńsù sàmì sí yẹn. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, wọn ò ní gbà á mọ́."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Ìtàn bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ ni."

Ọmọ tí mo mọ̀ kì í wo ilẹ̀. Mo gba fáìlì lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó máa lọ. Mo wo àmì pẹ́ńsù yẹn títí. Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹran tí wọ́n fi sẹ́nu tàkúté. Ìyàwó mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ sáìnì fọ́mọ o jàre. Ṣé ìfura lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ̀bà yìí ni?"

"Ẹni tí kò fura ni wọ́n ń gbé gééètì ẹ̀ lọ," ni mo fi dá a lóhùn.

Mo nílò ẹni tó máa ka ìwé náà sí Yorùbá fún mi. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ fún ní gbogbo ọ̀rọ̀ ilé mi? Mo bá ṣe é bí a ṣe ń ṣe gééètì olódòdó. Mo pín in. Ojú kejì ló ní òǹtẹ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn, òǹtẹ̀ kì í sì í ṣe nǹkan téèyàn ń fi sọ́wọ́ ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Àáfà àdúgbò wa ni mo fún un, lẹ́yìn ìrun àsùbáà ní ọjọ́ Ajé, bó ṣe fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wọn lọ sí Ìbẹ́jú-Lẹ́kí. Ibẹ̀ ló ń sùn láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé.

"Ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á, Àáfà, kí ẹ pè mí."

"Ojú kan ṣoṣo rèé. Ìyókù ńkọ́?"

"Ẹ ka èyí tó wà lọ́wọ́ yín ná."

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ojú kìíní lọ bá ìyá oníkẹ́míìsì. Mo ti ká òkè rẹ̀ wọnú kó má baà rí orúkọ. Ó gbé ojú sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó ń túmọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ kan ń sọ nípa ara ẹ̀, ó fẹ́ràn ìṣirò, ó ń rìn lọ sílé ẹ̀kọ́. Kò burú.

"'Bàbá mi kúrò nílé ẹ̀kọ́ ní ìwé mẹ́rin. Wọn ò lè ka ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ mi sí.'" Ó wò mí lórí gíláàsì ojú ẹ̀. "Ọ̀gá Wẹ́dà, ta ni bàbá ọmọ yìí?"

"Oníbàárà mi kan ni."

"Oníbàárà yín." Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún mi pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. "Ẹ bá mi kí i o."

Inú mi gbóná bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iná. Ta ló sọ fún ọmọ yìí? Ta ló tún sọ fún un pé kó kọ ọ́ sílẹ̀? Mo mọ̀ pé Àǹtí onígíláàsì ni. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, tí wọn ò bá ti rí òtòṣì bàbá kan tọ́ka sí, àmì ẹ̀yẹ wọn ò ní dùn ún wò.

Ní Ọjọ́rú, mo gbé ojú kẹta lọ bá ọmọkùnrin tó ń ṣe POS ní oríta. Ó sáré kà á bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà.

"Bàbá, wọ́n ní apá tí bàbá ọmọ náà ṣe, àwọn ti yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní nínú gbogbo irin tó wà lára ẹ̀rọ náà báyìí, kò sí èyí tó jẹ́ tiẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà ló dá ṣe òmíràn."

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ka ìwé náà."

"Lọ́wọ́ ẹni tó kà á nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó ń fi ìwé náà fẹ́ ara ẹ̀. "Bàbá, ó jọ ọkùnrin oníwèé mẹ́rin tí wọ́n ń sọ ní kẹ́míìsì lánàá yẹn o. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Mo gba ìwé mi, mo sì bá ọ̀nà mi lọ.

Ojú kìíní sọ pé mi ò mọ̀wé. Ojú kẹta sọ pé iṣẹ́ mi ò wúlò. Mo pe Àáfà nígbà mẹ́jọ, fóònù ẹ̀ kò lọ. Mo ní ẹ̀rí tó pọ̀ tó. Mo pinnu pé ọwọ́ mi ò ní kan bírò.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo wa píkọ̀ọ̀pù mi lọ sí Igbó Ẹfọ̀n. Mi ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo dúró sí, kí n fetí ara mi gbọ́. Àǹtí ń ṣe bí adájọ́, ó ki ohùn ẹ̀ nípọn. Ọmọ mi dúró níwájú ẹ̀, àwọn ọmọ yòókù jókòó sórí tábìlì.

"Sọ ọ́ ní Yorùbá ná kọ́kàn ẹ balẹ̀, ká tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ya iṣẹ́?"

"Bàbá mi ni, mà."

"Yunifásítì wo ni wọ́n lọ?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé inú ilé. "Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa! Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo ti ka ìwé tí ẹ kọ. Èmi ni púrúǹtù, irin mi ni pàǹtí, àbí? Mi ò ní sáìnì. Ẹ lọ wá bàbá míì tí ẹ máa fi tọrọ!"

Ọmọ mi kò sunkún. Ó ń wò mí bí èmi ṣe máa ń wo irin wíwọ́ tí wọ́n bá gbé síwájú mi.

"Bàbá mi, ta ló kà á fún yín?"

"Ẹni tó kà á kà á."

"Ojú kejì ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ Àáfà."

"Àáfà wo?" Àǹtí ti yọ gíláàsì ojú ẹ̀. "Sà, ojú kejì ni òǹtẹ̀ wà. Ọ̀gá wọn ti rin ìrìn-àjò, kò sẹ́ni tó lè tẹ òmíràn. Níbo ni Àáfà wà?"

"Ìbẹ́jú-Lẹ́kí. Wọ́n á dé ní Sátidé."

"Ọ̀la ni wọ́n máa tì í, sà. Ẹ fún wọn ní ojú kan nínú mẹ́ta?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo ṣe gééètì ilé wọn fọwọ́ bo ẹnu. "Bí wọ́n ṣe ṣe gééètì wa náà nìyẹn. Dádì mi ní èèyàn mẹ́rin ló wá, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ìkejì ń ṣe."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mi ti jókòó sínú píkọ̀ọ̀pù kí n tó jáde. Ó ti gbàyè nílé ẹ̀kọ́. Mi ò ní kó bá mi lọ, òun náà kò béèrè. A ti kọjá ilé ìtajà ńlá tó gbẹ̀yìn ní Ajah kí n tó lanu.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ìwé mẹ́rin ni?"

"Màmá àgbà."

Ìyá mi! Ẹni kan ṣoṣo tí mi ò fura sí.

"Kí ló dé tóo fi kọ ọ́?"

"Torí òótọ́ ni. Àǹtí kọ fọ́ọ̀mù mẹ́ta sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ẹ ṣe wí. Èmi ni mo pa á rẹ́." Ó ń wo ojú títì. "Bàbá mi, mi ò lè yí i padà báyìí, ọ̀gá wa ti ka gbogbo ẹ̀ kó tó tẹ òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè ṣàì sáìnì. Mi ò ní bínú."

Ó máa bínú. Mo mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹ̀, èmi ni mo fún un.

Àáfà ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn ní ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ tó máa gba Jímọ́ọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. A dúró sí mọ́ṣáláṣí tó wà lódìkejì títì. Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ jáde, Àáfà wà láàárín wọn. Mo kírun pẹ̀lú wọn, kí Ọlọ́run foríjì mí, àpò jalabíà Àáfà ni mo ń wò títí a fi sálámà, tí ìrun parí.

Inú àpò náà ló wà lóòótọ́, ó ká a sínú ọ̀rá kó má baà tutù.

"Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta," ni Àáfà wí. "Mi ò rí fóònù pè yín ni. Ẹ jókòó."

"Ẹ rọra kà á, Àáfà. Kí àwọn èèyàn má gbọ́."

Àáfà kì í rọra sọ̀rọ̀. Wàásù ni iṣẹ́ ẹ̀. Ó na ìwé náà jìnnà sójú, ó ń túmọ̀ ọ́ bó ṣe ń kà á, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wá bàtà wọn sì ń dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"'Nínú kọ̀ǹpútà, apá róbọ́ọ̀tì wa pé, ó sì dára. Bàbá mi kò gbà. Wọ́n ní kí a fi ẹfun yà á sórí pákó, kó tóbi bó ṣe máa tóbi gan-an. Torí wọn kò lè ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń yà lógidi, kí ojú lè bá wọn kà á. Bí a ṣe yà á tán ni a rí i pé apá náà máa kọlu táyà ara ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò sọ fún wa.'"

"Ẹ gbọ́," ni mo sọ fún ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí mi ò mọ̀ rí.

"'Lẹ́yìn náà, bàbá mi fi irin gééètì ṣe apá náà. Wọ́n ní ó lè gbé mọ́tò. A tan róbọ́ọ̀tì, ó na apá, ó dojú bolẹ̀. Bàbá mi ní ilẹ̀ yàrá yẹn ló wọ́. A wọn ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ kò wọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ pé kí n máa wọn ìwúwo kí n tó gé irin. Mo lọ sídìí pákó bàbá mi, mo fi ẹfun ya apá tuntun, mo sì fúnra mi jó o.'"

Ẹ̀rín sọ nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí. "Ilẹ̀ ló wọ́!" ni ẹnì kan ń wí, ó ń di ọ̀rẹ́ ẹ̀ mú. Ọmọ mi dúró lẹ́yìn píkọ̀ọ̀pù, ó kó apá méjèèjì jọ sígbàáyà.

Mo yọ ojú kìíní àti ẹ̀kẹta lápò, mo gbé wọn fún Àáfà. "Ẹ tò wọ́n. Ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó kà á tán. Ìwé mẹ́rin ṣì wà níbẹ̀. Apá mi tí wọ́n yọ ṣì wà níbẹ̀. Mo wá fọgbọ́n wo gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe ń wo gééètì kí n tó jẹ́ kí onílé gbé e, mo wá ibi tí mo ti lè rí àléébù. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn nìkan ni mo rí.

"Ẹ sáìnì, ọkùnrin," ni Àáfà wí.

Mo wo ọmọ mi. Kò wo ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo tẹ́ ìwé náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì sáìnì. Sáìnì mi, ẹ wá wò ó lọ́jọ́ kan; òdòdó gééètì ni, kò sí ayédèrú tó lè jọ ọ́. Ọmọ mi ya ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní fọ́tò, ó gun ẹ̀yìn píkọ̀ọ̀pù, ó na fóònù sókè, ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹni ń wá òjò. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, ó pariwo. Ó ti lọ.

Bí a ṣe dé Ajah, ìyá oníkẹ́míìsì àti ọmọ POS jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àwọn tí mo pín in fún ti tún un tò.

"Ọ̀gá Wẹ́dà! Oníbàárà yín ńkọ́?"

"Ó sáìnì," ni mo wí.

Wọ́n gba ìwé náà. Ní Sátidé kan, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn adájọ́ mẹ́ta yọjú lórí kọ̀ǹpútà Àǹtí ní gbọ̀ngán. Mo jókòó sẹ́yìn, mo wọ aṣọ Jímọ́ọ̀. Mi ò fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan tó ń kọ̀wé tí kò gbójú sókè. Ọmọ mi sọ Gẹ̀ẹ́sì bí omi. Lẹ́yìn náà ni adájọ́ obìnrin tó dàgbà jù nínú wọn yí sí Yorùbá.

"Ṣé bàbá ẹ wà níbẹ̀? Jẹ́ kí n rí wọn." Mo bọ́ síwájú. "Bàbá, ẹ káàsán o. Ọmọ yín kọ ọ́ pé ìwé mẹ́rin lẹ kà, pé ọ̀nà tí ẹ gbà ń ya iṣẹ́ ló kọ́ òun. Àwa máa ń rí ìtàn tí wọ́n fi iyọ̀ sí. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹni tó ń fura náà rèé, tó bá mi pàdé. Fọ́ọ̀mù mẹ́ta ti dé orí ahọ́n mi, ó mọ ọ̀nà ibẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Tí mo bá sọ ọ́, ọmọ mi di òpùrọ́ lójú wọn. Ọkùnrin tó ń kọ̀wé ti gbójú sókè.

"Ìwé mẹ́rin ni, mà. Ọmọ mi kì í purọ́." Mo rò ó pé kí n dákẹ́. Mi ò dákẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kọ èyí mọ́ ọn: ilẹ̀ yẹn wọ́."

"Bàbá mi!" ni ọmọ mi wí, àwọn adájọ́ sì ti ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fún un. Ẹnu kò yà mí, ọmọ mi ni. Àmì ẹ̀yẹ náà dé nínú páálí, gíláàsì tó dúró lórí irin pẹlẹbẹ kan. Mo yí i po, mo wo ìdí ẹ̀. Gọ́ọ̀mù! Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, kò ní lo ọdún kan. Mo dìde, mo ń wá irin tí mo máa fi ṣe ìdí gidi fún un.

Ọmọ mi gba gíláàsì náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sáyà. Ó na ọwọ́ sí pákó tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kọ́kọ́ fi ẹfun yà á, Bàbá mi. Kí n wọn ìwúwo ẹ̀ ná."